Àwọn Ọmọ Alabama Tí Òkìkí Wọn Kàn: Ìbéèrè Àti Ìdáhùn

Nígbàkigbà tí mo bá sọ fún ará ilé pé Alabama ni mò ń gbé, ohun kan náà ni wọ́n máa ń sọ: "Hẹ̀ẹ́! Ṣé ibi tí wọ́n ti ń fìyà jẹ èèyàn dúdú yẹn?" Òótọ́ ni, ibẹ̀ náà ni. Àmọ́ tí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀, ẹnu máa ń yà wọ́n, torí pé wọ́n mọ ìdajì nínú wọn, wọn ò kàn mọ̀ pé ibì kan náà ni gbogbo wọn ti wá. Mo kó àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù jọ síbí, kí n má bàa máa dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́.

Níbo gan-an ni Alabama wà?

Gúúsù Amẹ́ríkà ni. Georgia wà ní ìlà oòrùn rẹ̀, Mississippi ní ìwọ̀ oòrùn, Tennessee ní àríwá, Florida ní gúúsù, ó sì fẹnu kan òkun díẹ̀ níbi tí ìlú Mobile wà. Ọ̀dọ̀ ẹ̀yà àwọn tó ni ilẹ̀ náà kí òyìnbó tó dé ni wọ́n ti mú orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ 14 oṣù December ọdún 1819 ló di ìpínlẹ̀ kejìlélógún ní Amẹ́ríkà. Olú ìlú rẹ̀ ni Montgomery. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní 2020, wọ́n jẹ́ 5,024,279. Kò tiẹ̀ tó èèyàn Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti Èkó.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn kẹ́ ẹ tó ka ìyókù ni òwú. Òwú ló sọ Alabama di olówó, ẹrú ló sì ń gbin òwú náà. Ní 1860, nínú èèyàn bí 964,000 tó ń gbé ibẹ̀, nǹkan bí 435,000 ló jẹ́ ẹrú. Nígbà tí oko ẹrú parí, ọ̀pọ̀ wọn ń dáko lórí ilẹ̀ olówó àná, wọ́n ń bá a pín irè oko, gbèsè ò sì tán lọ́rùn wọn láyé. Ìdí rèé tí ẹ ó fi rí i pé "wọ́n kó lọ sí Chicago", "wọ́n kó lọ sí Detroit", "wọ́n kó lọ sí Cleveland" pọ̀ nínú ìtàn ìgbésí ayé àwọn èèyàn yìí. Alabama bí wọn, àmọ́ ìlú míì ló jẹ èrè ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ta lẹ wá ń pè ní ọmọ Alabama?

Ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀. Bí ẹnì kan bá wá ṣe iṣẹ́ ńlá níbẹ̀ láìjẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, màá sọ bẹ́ẹ̀.

Ibí yìí ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. Wọn ò bí Martin Luther King sí Alabama. Atlanta, ní Georgia, ni wọ́n bí i sí, Montgomery ló ti ṣe pásítọ̀ láti 1954 sí 1960. Ìyàwó rẹ̀, Coretta Scott King, ni ọmọ Alabama: wọ́n bí i ní 1927 nítòsí ìlú Marion, inú ọgbà ilé àwọn òbí rẹ̀ níbẹ̀ ni wọ́n sì ti ṣègbéyàwó ní 1953. Wọn ò bí Booker T. Washington tó dá ilé ẹ̀kọ́ Tuskegee sílẹ̀ ní 1881 síbẹ̀, Virginia ni tirẹ̀. Ti Zora Neale Hurston tó jẹ́ òǹkọ̀wé ló yàtọ̀. Notasulga, ní Alabama, ni wọ́n bí i sí ní 1891, àmọ́ Eatonville ní Florida ló dàgbà sí, ibẹ̀ náà ló sì máa ń sọ fún ayé pé wọ́n bí òun sí. Ẹ jẹ́ ká rántí orúkọ obìnrin yìí, a máa tó padà sórí ẹ̀.

Mo gbọ́ pé ọmọ Yorùbá wà nínú wọn. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni, ìdáhùn yìí ni yóò sì gùn jù, torí òun ló kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Ní 1860, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Clotilda kó èèyàn bí 110 láti Ouidah lọ sí Mobile. Láti 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kó ẹrú wọlé láti òkè òkun mọ́. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé olówó kan, Timothy Meaher, ló ta tẹ́tẹ́ pé òun á kó wọn wọlé, ẹnikẹ́ni ò sì ní mú òun. Nígbà tí wọ́n já wọn sílẹ̀ tán, wọ́n dáná sun ọkọ̀ náà sínú odò kí àṣírí má bàa tú. Ọdún 2019 ni wọ́n tó kéde pé àwọn ti rí àwókù rẹ̀ nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò Mobile.

Ọ̀kan lára àwọn tí ọkọ̀ yẹn kó ni Oluale Kossola, tí wọ́n ń pè ní Cudjo Lewis ní Amẹ́ríkà. Wọ́n bí i ní nǹkan bí 1841 ní agbègbè Bantè, lórílẹ̀-èdè Benin òde òní, láàárín àwọn Ìṣà tí wọ́n jẹ́ ẹ̀yà Yorùbá. Ó ṣàlàyé bí ọmọ ogun Dàhòmì ṣe já wọ ìlú àwọn láfẹ̀mọ́júmọ́, tí wọ́n bẹ́ orí ọba, tí wọ́n sì so ẹni tó bá lókun nínú mọ́ra wọn bí ìdì igi. Ó lé ọdún mẹ́rin tó fi ṣe ẹrú ní Alabama.

Nígbà tí wọ́n gba òmìnira ní 1865, ilé ni wọ́n kọ́kọ́ rò. Àjò ò dùn kí onílé má relé. Owó ọkọ̀ ni ò sí. Wọ́n bẹ Meaher pé kó fún àwọn nílẹ̀ díẹ̀ torí òun ló kó wọn wá, ó kọ̀ jálẹ̀. Ni àwọn ọkùnrin bá ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń la pákó, àwọn obìnrin ń ta irè oko, wọ́n ń tu owó jọ títí wọ́n fi ra ilẹ̀ náà. Wọ́n kọ́lé, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n yan olórí àti onídàájọ́. Ẹ gbọ́ ohun kan tó máa ń yà mí lẹ́nu: ẹni tí wọ́n fi ṣe olórí, Gumpa, ará Dàhòmì ni, ọmọ ìlú àwọn tó kó wọn lẹ́rú. Wọn ò fi tìyẹn ṣe. Africatown ni wọ́n ń pe ìlú náà títí dòní.

Kossola àti ìyàwó rẹ̀ Abile bímọ mẹ́fà. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ méjì, ọ̀kan ti Amẹ́ríkà, ọ̀kan ti ilé. Aleck ni orúkọ àkọ́bí fún àwọn ará ìta. Báyìí ni wọ́n ṣe kọ orúkọ rẹ̀ kejì sílẹ̀: Iyadjemi. Ẹ kà á sókè. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá á rò pé orúkọ lásán ni. Ìyà jẹ mí. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ilé tí Kossola sì wò nìyẹn. Gbogbo ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló kú ṣáájú rẹ̀. Òun kú ní 1935.

Zora Hurston tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ló lọ jókòó tì í ní 1927 àti 1928, tó ń fún un ní èso, tó ń gbọ́ ìtàn lẹ́nu rẹ̀, tó sì kọ ọ́ bí bàbá náà ṣe ń sọ ọ́ gan-an. Àwọn tó ń tẹ̀wé nígbà yẹn fẹ́ kó tún èdè bàbá náà ṣe, ó kọ̀. Ọdún 2018 ni ìwé náà tó jáde, ọdún méjìdínlọ́gọ́ta lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ kú.

Ẹnì kejì ni Matilda McCrear. Àbáké ni ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ọmọ ọdún méjì péré ni nígbà tí Clotilda gbé òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá, wọ́n sì ta méjì nínú àwọn ẹ̀gbọ́n náà síbòmíì, wọn ò fojú kàn wọ́n mọ́. Ilà wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì Àbáké, títí tó sì fi darúgbó, irun Yorùbá ló ń ṣe. Ní 1931, nígbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó fẹsẹ̀ rin nǹkan bíi máìlì 15 lọ sí kọ́ọ̀tù ní Selma láti béèrè owó gbà-má-bínú fún ohun tí wọ́n fi ojú rẹ̀ rí. Wọn ò fún un ní kọ́bọ̀. Selma náà ló kú sí ní oṣù January ọdún 1940, òun sì ni ẹni tí ìwádìí fi hàn pé ó kú kẹ́yìn nínú gbogbo àwọn tí ọkọ̀ yẹn kó wá.

Ṣé àárẹ̀ ló mú Rosa Parks tí kò fi dìde lórí ìjókòó bọ́ọ̀sì?

Rárá o. Obìnrin dúdú tí ọlọ́pàá mú ní Montgomery torí pé kò dìde fún òyìnbó nínú bọ́ọ̀sì ni. Ọmọ ọdún 42 ni, iṣẹ́ aránṣọ ló ń ṣe, òótọ́ sì ni pé ibi iṣẹ́ ló ti ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù December ọdún 1955. Àmọ́ òun fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé ara ò rẹ òun ju bó ṣe máa ń rẹ òun lójoojúmọ́ lọ. Ohun tó sú òun ni kéèyàn máa gbà fún wọn ṣáá. Ìlú Tuskegee ni wọ́n bí i sí ní 1913. Ọ̀pọ̀ ọdún ló ti ń ṣe akọ̀wé ní Montgomery fún NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn èèyàn dúdú, òun ló máa ń lọ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn obìnrin dúdú tí wọ́n fipá bá lò pọ̀. Obìnrin tó mọ ohun tó ń ṣe ni.

Ohun míì tí àwọn èèyàn kì í mọ̀: kò jókòó síbi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún òyìnbó. Àárín ló jókòó sí, níbi tí ẹni dúdú lè jókòó títí òyìnbó á fi kún iwájú. Òyìnbó kan ṣoṣo ni kò ráyè jókòó, awakọ̀ wá ní kí àwọn mẹ́rin tó wà ní ìlà yẹn dìde pa pọ̀. Mẹ́ta dìde. Òun sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Owó ìtanràn tí wọ́n bù fún un jẹ́ dọ́là 10, pẹ̀lú dọ́là 4 owó kọ́ọ̀tù.

Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ ṣe é. Oṣù mẹ́sàn-án ṣáájú, ní ọjọ́ kejì oṣù March, ọmọbìnrin ọdún 15 kan tó ń jẹ́ Claudette Colvin ti kọ̀ láti dìde nínú bọ́ọ̀sì ní ìlú kan náà, ọlọ́pàá sì wọ́ ọ jáde. Colvin wà lára àwọn obìnrin mẹ́rin tó pe ẹjọ́ tó dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, ẹjọ́ yẹn ló sì pa òfin ìyàsọ́tọ̀ nínú bọ́ọ̀sì rẹ́ ní 1956. Ní gbogbo àkókò yẹn, ọjọ́ 381 gbáko, àwọn èèyàn dúdú Montgomery ò wọ bọ́ọ̀sì. Wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn, wọ́n ń gbé ara wọn sínú mọ́tò, ojò ń pa wọ́n, oòrùn ń pa wọ́n. Ìwọ̀nba èèyàn ni ayé ń rántí orúkọ wọn, àmọ́ àwọn tó rìn yẹn gan-an ló jà.

Ta ni John Lewis?

Wọ́n bí i nítòsí ìlú Troy ní ọjọ́ 21 oṣù February ọdún 1940. Ẹ padà lọ wo ọjọ́ tí Àbáké kú: oṣù kan péré ló wà láàárín wọn. Àwọn òbí John Lewis ń dáko òwú àti ẹ̀pà. Òun ni wọ́n ní kó máa tọ́jú adìẹ, ó sì sọ àwọn adìẹ náà di ìjọ. Á kó wọn jọ sí àgbàlá, á wàásù fún wọn, tí ọ̀kan bá kú, á sin ín pẹ̀lú àdúrà. Ó ní wọ́n máa ń mi orí bí òun ṣe ń wàásù, àmọ́ wọn ò ṣe àmín rí.

Ní ọjọ́ keje oṣù March ọdún 1965, òun àti Hosea Williams ló ṣíwájú nǹkan bí 600 èèyàn gba orí afárá Edmund Pettus ní Selma, wọ́n fẹ́ rìn dé Montgomery láti béèrè ẹ̀tọ́ ìdìbò. Afárá yẹn gbé ẹ̀yìn sókè. Tẹ́ ẹ bá ń gòkè bọ̀ láti Selma, ẹ ò lè rí òdìkejì títí ẹ ó fi dé góńgó rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n dé góńgó ni wọ́n tó rí àwọn ọlọ́pàá tó tò bí ògiri sísàlẹ̀. John Lewis wọ kóòtù, ó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, ìwé, èso ápù àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín wà nínú rẹ̀, torí ó ti mọ̀ pé àtìmọ́lé lòun ń lọ. Kóńdó ni wọ́n fi fọ́ ọ lórí, egungun agbárí rẹ̀ sán. Kò kú. Ní oṣù August ọdún yẹn, ààrẹ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí òfin ẹ̀tọ́ ìdìbò. Lewis di aṣòfin fún Georgia láti 1987 títí tó fi kú ní 2020, wọ́n sì gbé pósí rẹ̀ kọjá lórí afárá yẹn nígbà ìkẹyìn.

Báwo ni Helen Keller ṣe kọ́ ọ̀rọ̀ nígbà tí kò ríran tí kò sì gbọ́ràn?

Tuscumbia, ní òkè àríwá Alabama, ni wọ́n bí i sí ní 1880. Ọmọ oṣù 19 ni àìsàn kan gba ojú àti etí rẹ̀. Títí ó fi di ọmọ ọdún mẹ́fà, inú òkùnkùn ló wà, ó ń gbéná jẹ, ó ń fọ́ abọ́. Ní oṣù March ọdún 1887, Anne Sullivan dé láti wá máa kọ́ ọ. Olùkọ́ náà ń fi ìka kọ lẹ́tà sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ọmọ náà ń ṣe é padà bí ẹni ń ṣeré, kò mọ̀ pé ohun kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ.

Ní oṣù April, wọ́n jọ lọ sí ìdí pọ́ǹpù omi nínú ọgbà. Ẹnì kan ń fa omi. Olùkọ́ ki ọwọ́ ọmọ náà kan bọ abẹ́ omi tútù tó ń tú jáde, ó sì ń kọ ọ̀rọ̀ náà sí ọwọ́ rẹ̀ kejì, díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà kíákíá. Ọmọ náà dúró bí ère. Ó yé e lójijì pé ohun tútù tó ń ṣàn yìí ni lẹ́tà yẹn ń jẹ́. Ó forí balẹ̀, ó fọwọ́ gbá ilẹ̀, ó béèrè orúkọ rẹ̀. Ó béèrè orúkọ olùkọ́ náà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, ó ti mọ orúkọ ohun púpọ̀.

Ní 1904, ó gboyè ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Radcliffe, adití-afọ́jú àkọ́kọ́ tó gba irú oyè bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n ń sọ ìtàn rẹ̀ mọ nìyẹn, bí ẹni pé ìdí pọ́ǹpù ló dúró sí títí ó fi kú ní 1968. Ó jà fún ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin láti dìbò, ó jà fún àwọn òṣìṣẹ́, ó fi owó ránṣẹ́ sí NAACP, àwọn ará ilé rẹ̀ ní Alabama sì bínú sí i gidigidi nítorí ìyẹn.

Ṣé onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wà nínú wọn?

Ó wà, ẹ ò sì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí: Percy Julian. Ọmọ-ọmọ ẹrú ni, wọ́n bí i ní Montgomery ní 1899, nígbà tí ọmọ dúdú ò ní ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba kankan níbẹ̀. Nígbà tó dé ilé ẹ̀kọ́ gíga DePauw ní Indiana, inú àjà ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òyìnbó ń gbé ni wọ́n fún un, ó ń koná sí ìléru wọn kó lè rí jẹ, òun náà ló sì gba ipò kìíní nígbà tí wọ́n jáde ní 1920. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ tó jẹ́ kó ṣe oyè ọ̀mọ̀wé ní Amẹ́ríkà, ìlú Vienna ló ti lọ gbà á ní 1931.

Iṣẹ́ tó sọ ọ́ di olókìkí kàn wá ní Nàìjíríà. Èso igbó kan wà ní agbègbè Calabar tí àwọn Ẹ́fíìkì ń pè ní esere. Májèlé ni. Láyé àtijọ́, ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kàn ni wọ́n ń fún jẹ: bó bá bì í, ó mọ́, bó bá kú, ó jẹ̀bi. Àwọn dókítà òyìnbó wá rí i pé ohun tó wà nínú èso yẹn lè wo irú àìsàn ojú tó máa ń sọni di afọ́jú nítorí pé omi ojú há, ìyẹn glaucoma. Àmọ́ ọ̀dọ̀ èso náà nìkan ni wọ́n ti lè rí i. Ní 1935, Julian àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Josef Pikl ṣe é nínú yàrá ìwádìí láìlo èso náà rárá, ó sì fi hàn pé ọ̀nà tí ọ̀jọ̀gbọ́n ńlá kan ní Oxford tẹ̀ jáde kò tọ̀nà. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá ń fi ẹ̀wà sóyà ṣe èròjà oògùn tó jẹ́ olówó iyebíye tẹ́lẹ̀, títí kan èyí tó ń mú kí oyún dúró.

Ní 1950, nígbà tó ra ilé sí àdúgbò òyìnbó ní Oak Park nítòsí Chicago, wọ́n gbìyànjú láti dáná sun ún. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ju àdó olóró síbẹ̀. Kò kó jáde.

Ṣé George Washington Carver ló ṣe bọ́tà ẹ̀pà?

Kì í ṣe òun. Onímọ̀ nípa iṣẹ́ oko ni, Missouri ni wọ́n sì bí i sí. Àmọ́ láti 1896 títí ó fi kú ní 1943, Tuskegee ló ti ṣiṣẹ́. Òwú ti pa ilẹ̀ Alabama. Ó kọ́ àwọn àgbẹ̀ pé kí wọ́n máa gbin ẹ̀pà, ẹ̀wà àti ọ̀dùnkún sí i kí ilẹ̀ lè sanra padà.

Láti Tuskegee yẹn náà ni ọkùnrin mẹ́rin ti gbéra lọ sí Tógò nígbà tí Jámánì ń ṣàkóso ibẹ̀, wọ́n gúnlẹ̀ sí Lomé ní nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ 1901 láti kọ́ àwọn ará ibẹ̀ ní oko òwú. Ọ̀kan nínú wọn, John Robinson, kú sómi ní Tógò ní 1909. Àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ náà mọ iṣẹ́ òwú wọn tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó dé. Ìjọba Jámánì ló jàǹfààní iṣẹ́ náà jù, inú mi ò sì dùn sí apá yẹn nínú ìtàn Tuskegee.

Àwọn eléré ìdárayá ńkọ́?

Wọ́n pọ̀ bí ọ̀wààrà òjò. Jesse Owens, ọmọ àgbẹ̀ Oakville, tí wọ́n bí ní 1913. James Cleveland lorúkọ rẹ̀, J.C. ni wọ́n ń pè é nílé. Nígbà tí wọ́n kó lọ sí Cleveland, olùkọ́ bi í pé kí lorúkọ rẹ̀, ó fèsì bí ọmọ gúúsù ṣe ń fa ọ̀rọ̀, Jesse ni olùkọ́ gbọ́, Jesse ló sì ń jẹ́ títí láé. Wúrà mẹ́rin ló gbà nínú eré sísá àti fífò ní Òlíńpíìkì Berlin ní 1936, lójú Hitler.

Joe Louis, akànṣẹ́, wá láti ẹ̀gbẹ́ LaFayette. Láti 1937 sí 1949 ni àmì ẹ̀yẹ àgbáyé fi wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìgbà 25 ni kò jẹ́ kí àwọn tó fẹ́ já a gbà rí i gbà. Max Schmeling ará Jámánì ti lù ú ní 1936. Nígbà tí wọ́n tún pàdé ní 1938, ìṣẹ́jú méjì àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀ fi parí.

Tó bá jẹ́ béésìbọ́ọ̀lù ni, Mobile nìkan tó. Satchel Paige, tí orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ wá láti inú báàgì tó ń bá èrò rù ní ibùdó rélùwéè nígbà tó wà lọ́mọdé, ti pé ọmọ ọdún 42 kí wọ́n tó jẹ́ kó wọ líìgì ńlá ní 1948. Hank Aaron ń fi igi gbá ìdérí ìgò nígbà tí owó bọ́ọ̀lù ò sí. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù April ọdún 1974, ó gbá home run (bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá jáde kúrò lórí pápá) tó mú un kọjá 714 tí Babe Ruth, òyìnbó agbábọ́ọ̀lù tó lókìkí jù, ní, lẹ́yìn tí àwọn kan ti fi oṣù púpọ̀ kọ lẹ́tà sí i pé àwọn máa pa á. Ó parí sí 755. Willie Mays wá láti ẹ̀gbẹ́ Birmingham. Ẹ má gbàgbé Vonetta Flowers, ọmọ Birmingham níbi tí yìnyín kì í sábà bọ́, tó di ẹni dúdú àkọ́kọ́ tó gba wúrà ní Òlíńpíìkì ìgbà òtútù, ní 2002.

Àwọn olórin?

W.C. Handy, ọmọ Florence, tí wọ́n ń pè ní bàbá orin blues, fi owó tó tọ́jú ra gìtá. Bàbá rẹ̀ tó jẹ́ àlùfáà ní nǹkan èṣù ni, ó sì ní kó lọ dá a padà kó fi gba ìwé atúmọ̀ èdè. Nat King Cole, tí wọ́n bí ní Montgomery, padà wá kọrin ní Birmingham ní 1956, àwọn ọkùnrin òyìnbó kan fò sórí pèpéle, wọ́n sì gbá a ṣubú. Kò kọrin ní gúúsù mọ́ títí ó fi kú. Hank Williams, òyìnbó tó jẹ́ ọba orin country, jẹ́wọ́ pé ọ̀dọ̀ Rufus Payne, ọkùnrin dúdú tó ń fi gìtá kọrin ní ìgboro, lòun ti kọ́ ọ. Lionel Richie dàgbà sí ọgbà ilé ẹ̀kọ́ Tuskegee. Àwọn àgbà Èkó tó lọ sí FESTAC ní 1977 lè rántí ọkùnrin kan tó wọṣọ bí ará ìsálú ọ̀run, tó ń darí ẹgbẹ́ akọrin jazz: Sun Ra nìyẹn, ọmọ Birmingham.

Ṣé lóòótọ́ ni pé ọmọ Alabama ló wà nídìí Apple àti Wikipedia?

Bẹ́ẹ̀ ni. Tim Cook tó gba ipò ọ̀gá àgbà Apple ní 2011, Mobile ni wọ́n bí i sí, Robertsdale ló dàgbà sí. Jimmy Wales, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Wikipedia sílẹ̀ ní 2001, ọmọ Huntsville ni, a sì ní Wikipedia lédè Yorùbá báyìí. Lonnie Johnson, ọmọ Mobile, onímọ̀ ẹ̀rọ tó ṣiṣẹ́ fún NASA, òun ló ṣe ìbọn omi Super Soaker tí àwọn ọmọdé ń fi ń ṣeré. Mae Jemison, tí wọ́n bí ní Decatur, ni obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tó lọ sí òfuurufú, ní oṣù September ọdún 1992. Ó ti ṣe dókítà ní Làìbéríà àti Sàró kó tó di ìgbà yẹn, ó sì gbé ère àwọn obìnrin Sàró dání lọ sókè lọ́hùn-ún.

Ṣé ẹni rere ni gbogbo wọn?

Rárá. George Wallace, gómìnà tí wọ́n bí ní Clio, kéde ní 1963 pé ìyàsọ́tọ̀ ni òun fẹ́ lónìí, lọ́la àti títí láé. Ní oṣù June ọdún yẹn, ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà yunifásítì ìpínlẹ̀ náà kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúdú méjì, Vivian Malone àti James Hood, má bàa wọlé. Malone wọlé, ó sì jáde ní 1965. Wọ́n yìnbọn lu Wallace ní 1972, orí kẹ̀kẹ́ arọ ló lo ìyókù ayé rẹ̀ lé, ó sì bẹ àwọn èèyàn dúdú fún àforíjì. Ní 1996, ó fún Malone ní àmì ẹ̀yẹ akíkanjú. Àwọn kan gbà pé ó yí padà, àwọn kan ò gbà. Ní tèmi, obìnrin yẹn ni mò ń bọ̀wọ̀ fún nínú ọ̀rọ̀ náà, torí ó dìde, ó lọ gbà á.

Tí mo bá wá sí Alabama, ibo ni kí n lọ?

Ní Tuscumbia, pọ́ǹpù omi Helen Keller ṣì wà nínú ọgbà ilé náà. Ní Montgomery, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé Rosa Parks wà níbi tí wọ́n ti mú un. Ẹ fẹsẹ̀ rin afárá Selma, ẹ má fi mọ́tò kọjá, kẹ́ ẹ lè dé góńgó yẹn fúnra yín. Tí ọjọ́ kan ṣoṣo lẹ bá ní, Mobile ni kẹ́ ẹ lọ. Wọ́n ṣí ilé kan sí Africatown ní 2023 níbi tí wọ́n ti ń fi pákó Clotilda hàn, nínú omi ni wọ́n kó o sí kó má bàa bà jẹ́. Ère orí Kossola wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì tí òun àti àwọn ará rẹ̀ dá sílẹ̀, ibi tó ti máa ń lu agogo fún wọn. Itẹ́ òkú tí wọ́n sin ín sí ò jìnnà síbẹ̀.